Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ara Ẹni Tó Pẹ́ ní Òfuurufú

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, a sọ̀rọ̀ nípa Butch Wilmore àti Suni Williams, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì tó gbéra lọ sí Ibùdó Òfuurufú Àgbáyé ní oṣù kẹfà 2024. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n rò pé àwọn máa lò. Ọkọ̀ tó gbé wọn lọ ṣe ségesège, ni wọ́n bá wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 286, títí di oṣù kẹta 2025. Lẹ́tà tí ẹ kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ gan-an. A ṣa àwọn tó kó ìbéèrè ọ̀pọ̀ nínú yín pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo rí i nínú fídíò pé àkéte oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi gbé àwọn méjèèjì kúrò nídìí ọkọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá lójoojúmọ́! Àìsàn wo ló ṣe wọ́n? Ṣé òótọ́ sì ni pé òòfà ilẹ̀ kò dé ọ̀hún? (Àlàbá, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá, ẹ jẹ́ ká ti ìparí ìbéèrè yín bẹ̀rẹ̀. Òòfà ilẹ̀ dé ọ̀hún dáadáa. Nǹkan bí 400 kìlómítà péré ni ibùdó náà fi ga sókè, òòfà ibẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 èyí tó ń fà wá níbí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ibùdó náà àti àwọn tó wà nínú rẹ̀ jọ ń já bọ́ ni. Bí okùn korobá bá já mọ́ ẹni tó ń fa omi lọ́wọ́, tí igbá sì wà nínú korobá náà, korobá àti igbá á jọ máa lọ sínú kànga. Títí wọn yóò fi kan omi, igbá kò tẹ ìdí korobá rárá. Ibùdó náà ń sáré tó 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan. Bó ṣe ń já bọ́ ni ayé ń tẹ̀ kọrọdọ sẹ́yìn lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà kì í balẹ̀. Ńṣe ló ń yí ayé po ní nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá lo oṣù mẹ́sàn-án níbẹ̀, oṣù mẹ́sàn-án ló fi ń já bọ́.

Àìsàn kankan kò ṣe wọ́n. Ara ẹ̀dá kì í bọ́ ohun tí kò bá rí iṣẹ́ ṣe. Egungun itan àti ìbàdí yín le nítorí pé ẹ ń rìn, ẹ ń gun àtẹ̀gùn, ẹ ń ru ẹrù. Tọ̀sán-tòru ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń wó egungun tó ti gbó, tí àwọn mìíràn sì ń mọ tuntun sípò rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kò bá gbé ara mọ́, àwọn tó ń mọ á dẹwọ́, àwọn tó ń wó kò ní dẹwọ́. Láìsí eré ìdárayá tó le, egungun ìbàdí ń pàdánù ìdá 1 sí 1.5 nínú 100 lóṣooṣù. Nǹkan bí ohun tí ìyá àgbà ń pàdánù láàárín ọdún kan nìyẹn. Kálísíọ̀mù tó yọ́ kúrò lára egungun á gba inú ẹ̀jẹ̀ wọ kíndìnrín, ó sì lè di òkúta níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà wọn kì í fi ọ̀rọ̀ omi mímu ṣeré.

Iṣan ló máa ń yára jù lọ. Iṣan ẹ̀yìn àti ti ẹ̀yìn ojúgun, àwọn tó ń gbé wa nàró láìjẹ́ pé a rántí wọn, kò rí iṣẹ́ ṣe mọ́ látọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ìrìn àjò ọjọ́ 5 sí 11 péré, àwọn kan ti pàdánù tó ìdá 20 nínú 100. Ẹ̀jẹ̀ náà ń dín kù. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2022 lórí arìnrìn-àjò 14 fi hàn pé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí mílíọ̀nù 3 sẹ́ẹ̀lì pupa ni ara ń bàjẹ́ ní òfuurufú. Ní ilé ayé, mílíọ̀nù 2 ni.

Àkéte yẹn wá ńkọ́? Ìṣòro méjì ló wà nídìí rẹ̀. Èkíní, ẹ̀jẹ̀ tó ti dín kù máa ń ya wálẹ̀ sínú ẹsẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá dìde, ọkàn kò sì tíì rántí bí wọ́n ṣe ń fi agbára tì í gòkè lọ sí orí, ojú á ṣú, ènìyàn á dákú. Èkejì, omi àti ẹ̀yà ara kéékèèké tó wà nínú etí, tó ń sọ fún ọpọlọ pé òkè rèé, ìsàlẹ̀ rèé, kò ṣiṣẹ́ bíi ti ilé fún oṣù mẹ́sàn-án. Bí ẹni náà bá yí orí díẹ̀, ilé á máa pòòyì. Ìgbà tí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá ṣubú lu egungun tó ti fúyẹ́ ni ọ̀ràn tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n ń gbé gbogbo wọn ni, ẹni tó lè rìn àti ẹni tí kò lè rìn.

Àwọn ará Rọ́ṣíà ló kọ́kọ́ rí ojú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1970, Nikolayev àti Sevastyanov lo nǹkan bí ọjọ́ 18 nínú ọkọ̀ Soyuz 9 tó há, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rí ààyè ṣe eré ìdárayá. Nígbà tí wọ́n balẹ̀, wọn kò lè dá dúró. Látìgbà náà ni wọn kò ti fojú kékeré wo eré ìdárayá mọ́. Ẹ wá wo Valeri Polyakov, dókítà ìṣègùn tó lo ọjọ́ 437 nínú ibùdó Mir láti oṣù kìíní 1994 dé oṣù kẹta 1995, tí kò sí ẹni tó tíì lo ìrìn àjò kan ṣoṣo pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ìdí ọkọ̀ dé orí àga. Ó fẹ́ káyé rí i pé ẹni tó bá dé pílánẹ́ẹ̀tì Mars lè dìde ṣiṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, irú eré ìdárayá wo gan-an ni? Bí irin kò bá wúwo níbẹ̀, kí ni wọ́n ń gbé? (Ayọ̀délé, akẹ́kọ̀ọ́ físíò, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Inú wa dùn sí ìbéèrè yìí, nítorí ibí ni ọgbọ́n wà. Mú sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Ti ọ̀pá rẹ̀ wọlé tán, fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ pinpin, kí o wá fa ọ̀pá náà sẹ́yìn. Ó ń fà ọ́ padà, àbí? Bí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ARED ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Páìpù ńlá méjì ló ní, wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde, agbára òfìfo yẹn ni ẹni tó dúró lórí pẹpẹ rẹ̀ ń bá jà. Ó lè le tó 272 kílò, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún lọ. Wọ́n fi ń ṣe ìlóṣòó-dìde, wọ́n fi ń fa ọ̀pá láti ìsàlẹ̀, wọ́n fi ń na gìgísẹ̀ sókè.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ka ìwọ̀n yẹn kì í sábà rí. Nígbà tí o bá fi irin 50 kílò lóṣòó níbí, ara rẹ náà lò ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ní òfuurufú, ara kò wúwo, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ ro èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n ara mọ́ ẹrù náà kó tó jọ tilé. Ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ kí ARED tó dé ní 2008 kò lè kọjá nǹkan bí 136 kílò. Àwọn tó lò ó ń lagun lóòótọ́, egungun wọn sì ń lọ síbẹ̀. Láti ìgbà tí ARED ti dé, àwọn tó ń lò ó dáadáa, tí wọ́n ń jẹun tó, tí wọ́n sì ń lo fítámì D, ń gbé egungun tó pọ̀ padà wálé ju ti àwọn aṣáájú wọn lọ.

Ẹ̀rọ ìsáré ni èkejì. Ènìyàn á gbé ìjánu wọ èjìká àti ìbàdí, okùn rọ́bà á sì fà á mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí i, ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ á ta á lu òkè ilé. Ìjánu yẹn máa ń bó èjìká, ó ń bó egungun ìbàdí, nítorí náà wọ́n kì í fà á dé gbogbo ìwọ̀n ara lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, wọ́n á máa fi kún un bí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ. Suni Williams yìí kan náà sáré márátọ́ọ̀nù Boston lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹrin 2007. Ẹ̀kẹta ni kẹ̀kẹ́ tí kò ní ìjókòó, bàtà ni wọ́n há mọ́ pẹ́dàlì. Ta ló fẹ́ jókòó níbi tí ìdí kò ti wúwo?

Wákàtí méjì sí méjì ààbọ̀ ni wọ́n ya sọ́tọ̀ fún un lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀rọ àti bí wọ́n ṣe ń nu ara wà nínú rẹ̀. Nínu ara kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré o. Òógùn kì í ṣàn wálẹ̀. Ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ara bí ọ̀dà, tó á máa nípọn sí i lórí ọrùn àti ẹ̀yìn, bí ènìyàn bá ju orí lójijì, á já kúrò lára rẹ̀ ní odidi. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn náà: lẹ́yìn oṣù díẹ̀, awọ líle àtẹ́lẹsẹ̀ á bó bí èèpo, abẹ́ ẹsẹ̀ á rọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Orí ẹsẹ̀ ló máa ń le, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ abẹ́ irin kí wọ́n má baà léfòó lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo egungun ló ń padà. Ìwádìí kan lórí arìnrìn-àjò 17 tún jáde ní 2022: ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n délé, egungun ojúgun àwọn 9 nínú wọn kò tíì padà sí bó ṣe wà. Àwọn tó lò ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́hùn-ún ló kù díẹ̀ káàtó fún jù.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí ojú wọn fi máa ń wú nínú fọ́tò? Mo tún gbọ́ pé wọn kì í ríran dáadáa mọ́. (Ìyá Bọ́sẹ̀, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Ìyá Bọ́sẹ̀. Omi ara ni. Níbí, òòfà ń fa omi ara sísàlẹ̀, ọkàn àti ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ń tì í padà sókè. Ní ọ̀hún, èyí tó ń tì í sókè ṣì wà, èyí tó ń fà á sísàlẹ̀ ti lọ. Nǹkan bí lítà méjì, ìyẹn omi inú ọ̀rá mẹ́rin, á ṣí láti ẹsẹ̀ lọ sí àyà àti orí. Ojú á wú, ẹsẹ̀ á tín-ín-rín. Ara á rò pé omi òun ti pọ̀ jù, á sì dín in kù. Imú á dí bíi ti ẹni tó ní ọ̀fìnkìn, oúnjẹ kò ní fi bẹ́ẹ̀ dùn lẹ́nu. Ata ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń béèrè.

Ní ti ojú, ọ̀rọ̀ náà le ju ti ata lọ. Ní 2011, àwọn dókítà gbé àyẹ̀wò arìnrìn-àjò méje jáde: ẹ̀yìn ẹyinjú àwọn márùn-ún nínú wọn ti tẹ́, ibi tí okùn ìríran ti wọ inú ẹyinjú sì wú lára àwọn márùn-ún. Ẹyinjú tó tẹ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ìwé tó wà nítòsí. Wọ́n ń gbé awò ojú tí agbára rẹ̀ ju tiwọn lọ dání báyìí, nítorí wọ́n ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n nílò rẹ̀. Ní ti àwọn kan, ojú náà kò padà sípò pátápátá lẹ́yìn tí wọ́n délé. Ẹ̀rọ ARED kò sì lè ran ojú lọ́wọ́. Ohun tó ń mú wa rò ó jù nìyí.

Ọrùn náà tún ńkọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa ti orí ṣàn wálẹ̀ lè dúró gbagidi nínú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ọrùn, tàbí kó tilẹ̀ máa padà sẹ́yìn. Ní nǹkan bí oṣù méjì sínú ìrìn àjò ẹnì kan tí wọn kò dárúkọ, wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ dídì níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé ẹ̀rọ ìyàwòrán lé ọrùn, tí àwọn dókítà ń darí ọwọ́ rẹ̀ láti ilẹ̀. Abẹ́rẹ́ enoxaparin, oògùn tó ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì, tó wà nínú àpótí oògùn kò pọ̀, wọ́n ń ṣọ́ ọ lò títí ọkọ̀ ẹrù fi gbé oògùn oníhóró apixaban dé. Fífa oògùn náà sínú sírínjì gan-an jẹ́ wàhálà, nítorí pé níbẹ̀ afẹ́fẹ́ kì í gòkè, omi kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú ìgò.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń ga sí i? (Fúnmi, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Ó lè tó ìdá 3 nínú 100. Ẹni tó ga ní 170 sẹ̀ńtímítà lè di 175. Tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ọ̀pá ẹ̀yìn kò rí ẹrù gbé, ló bá wú. Ìyẹn máa ń dun ènìyàn ní ìbàdí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n á ká eékún mọ́ àyà kó lè rọ̀ wọ́n. Ìjókòó ọkọ̀ Soyuz, tí wọ́n ń fi ìwọ̀n ẹ̀yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe, gbọ́dọ̀ ní ààyè sí i lókè orí fún ìgbà tí wọ́n bá ń bọ̀. Gíga náà kì í bá wọn gbé pẹ́ nílé. Ewu ibẹ̀ ni pé tìmùtìmù tó ti wú lè yọ kúrò láyè rẹ̀ bí ẹrù bá tún dé bá a lójijì. Fún ìdí yìí, wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bẹ̀rẹ̀ gbé nǹkan.

ÌBÉÈRÈ: Ìbejì ni wá. A gbọ́ pé ará Amẹ́ríkà kan lọ sí òfuurufú, nígbà tó sì máa fi dé, òun àti èkejì rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́. Ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀? (Táíwò àti Kẹ́hìndé, Ìgbó-Ọrà)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹ fọkàn balẹ̀. Scott Kelly ni ẹ ń wí, tó lo ọjọ́ 340 láti oṣù kẹta 2015 dé oṣù kẹta 2016, tí ìkejì rẹ̀ Mark, tí òun náà ti lọ sí òfuurufú rí, wà nílé. Mark ló kọ́kọ́ wáyé, ìṣẹ́jú mẹ́fà ló fi ṣíwájú, nítorí náà Táíwò ni ní tiwa. Kẹ́hìndé ló rin ìrìn àjò. Ìbejì olójú kan ni wọ́n, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n ṣeé fi wé ara wọn.

Èsì jáde ní 2019. Àjogúnbá wọn kò yí padà. Bí ẹ bá fi í wé ilé, wáyà ilé méjèèjì dọ́gba síbẹ̀. Àwọn iná tó ń tàn àti èyí tí wọ́n pa, ìyẹn àjogúnbá tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó dákẹ́, ló yàtọ̀. Ó ju ìdá 90 nínú 100 lọ nínú àwọn iná yẹn tó padà sí bó ṣe wà láàárín oṣù mẹ́fà. Àwọn ìwé ìròyìn mú èyí tó kù, wọ́n ní DNA rẹ̀, ìyẹn àjogúnbá náà, ti yàtọ̀ sí ti ìkejì rẹ̀. Wọ́n ṣì í kà ni.

Ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni ìṣẹ́tí ẹnu okùn DNA, tó ń ṣe bí ìṣẹ́tí aṣọ tí kì í jẹ́ kí òwú tú. Ó máa ń kúrú bí a ti ń dàgbà. Ti Scott gùn sí i lọ́hùn-ún, ó sì yára kúrú bó ṣe dé, tí àwọn tó kúrú jọjọ sì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ara ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀ nípọn sí i. Àjẹsára tí wọ́n gún fún un níbẹ̀ ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nílé. Nígbà tó dé, bó ṣe ń yára ronú àti bó ṣe ń gbà á lọ́nà tó tọ́ dín kù fún oṣù bíi mẹ́fà.

ÌBÉÈRÈ: Owolabi Salis, ọmọ Nàìjíríà tó lọ ní oṣù kẹfà 2025, ṣé ara tirẹ̀ náà yí padà báyìí? (Rájí, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọkọ̀ New Shepard tó gbé e lọ fi lọ tó fi bọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ni ara fi léfòó. Egungun kò tíì mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ènìyàn lè rí i kí inú rẹ̀ máa rú tàbí kí ojú gbóná díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní wọ́n fẹ́ rán ènìyàn lọ sí Mars. Kí ló lè ṣẹlẹ̀ sí irú wọn? (Adéọlá, Lọ́ńdọ̀nù)

ÌDÁHÙN: Ìtànṣán ni ìdènà tó ga jù. Níbi tí Ibùdó Àgbáyé wà, òòfà bíi ti mágnẹ́ẹ̀tì tó yí ayé ká ṣì ń dáàbò bò ó. Síbẹ̀, ẹni tó bá lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀ ń gba nǹkan bí 80 sí 160 mSv (mSv ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara), nígbà tó jẹ́ pé 2.4 ni ènìyàn ń gbà láti inú ilẹ̀ àti sánmà láàárín odidi ọdún kan nílé ayé. Àwọn kan máa ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà nígbà tí wọ́n dijú. Ìtànṣán tó ń gba inú ojú kọjá ni.

Nígbà tí Curiosity, ọkọ̀ tí kò ní ènìyàn nínú, ń lọ sí Mars ní 2011 sí 2012, ẹ̀rọ inú rẹ̀ wọn nǹkan bí 1.8 mSv lójúmọ́. Lílọ àti bíbọ̀ nìkan á tó nǹkan bí 660. Gbèdéke tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, fi lé gbogbo ìgbà iṣẹ́ arìnrìn-àjò kan jẹ́ 600. Irin tó nípọn kọ́ ni oògùn rẹ̀: ìtànṣán tó lágbára bẹ́ẹ̀ á fọ́ irin náà sí wẹ́wẹ́, àfọ́kù rẹ̀ á tún di ìtànṣán mìíràn. Omi àti ike, tí háídírójìn pọ̀ nínú wọn, ló sàn jù, nítorí náà ibi tí wọ́n ń kó omi mímu sí lè di ibi ìsápamọ́ nígbà tí oòrùn bá bínú.

Ẹ tún fi èyí kún un: kò sí ẹni tó máa gbé àkéte dúró de wọn ní Mars. Òòfà ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 38 nínú 100 tiwa, ìyẹn á dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ṣí ilẹ̀kùn.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá mi ti wà lórí ibùsùn láti oṣù méjì nítorí ìbàdí tó kán. Nígbà tí mo ka ìtẹ̀jáde yín, ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ wọn ni ẹ ń sọ. Ṣé ó jọra? (Ẹni tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ó jọra gan-an, ẹ kú ìtọ́jú o. Àwọn onímọ̀ gan-an ń lo ibùsùn láti kọ́ nípa òfuurufú. Ní ìlú Cologne ní Jámánì, wọ́n ń sanwó fún àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti dùbúlẹ̀ fún 60 ọjọ́ lórí ibùsùn tí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ ní dígírì 6, wọn kì í dìde jẹun, wọn kì í dìde wẹ̀. Egungun, iṣan àti ẹ̀jẹ̀ wọn ń ṣe bíi ti àwọn ará ibùdó.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà tó tọ́jú ìbàdí náà ìgbà tí ẹsẹ̀ yẹn lè gbé ara àti bó ṣe lè gbé tó. Ẹ má ṣe dá a pinnu. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ bi físíò léèrè bóyá màmá lè máa na ọrùn ẹsẹ̀ síwájú-sẹ́yìn lórí ibùsùn, bíi pé wọ́n ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ní ìgbà mẹ́wàá mẹ́wàá láràárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà kò gbọ́dọ̀ wọ́n nínú oúnjẹ wọn, bí kò bá sí àìsàn tó ní kí wọ́n má jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n bá gbà kí wọ́n dìde, ẹ gbé wọn jókòó kí ẹsẹ̀ rọ̀ sí ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ná. Ẹ wo ojú wọn. Bí òòyì bá ń kọ́ wọn, ẹ dá wọn padà dùbúlẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú láìpẹ́; bí kò bá sí òòyì, ẹ jẹ́ kí wọ́n dìde pẹ̀lú ẹnì kan lápá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹ̀yìn ojúgun kan wú ju èkejì lọ, tó gbóná, tó ń dùn wọ́n, tàbí tí èémí wọn ṣàdédé há, ẹ má ṣe fi òróró pa á, ẹ má sì dúró de ọ̀la. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.